Bí ẹ ṣe lè ka ìwé ètò sínágọ́gù kó yé yín

Ìwé ètò tí sínágọ́gù ń pín fún ìjọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sábà ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ. Síbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Júù lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó má mọ ọjọ́ tí òun máa lọ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní London, Houston tàbí New York ló sì ń bá irú ìwé yìí pàdé: kíà tó ń ti arúgbó lórí kẹ̀kẹ́ lọ síbi ìsìn, nọ́ọ̀sì tí ẹbí aláìsàn pè wá jẹun àjọ, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń ṣe ayẹyẹ ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọjọ́ Ètùtù bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2026, àmọ́ ìsìn tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ dé jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20. Wọ́n kọ “kídúṣì” sí alẹ́ Ẹtì, wọ́n tún kọ ọ́ sí ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àdúrà lórí ife wáìnì, ìkejì jẹ́ oúnjẹ.

Ohun tó ń da àlejò láàmú jù ni ìgbà tí ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Júù, bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé nìyẹn. Bí ìwé Jẹ́nẹ́sísì ṣe kà á ni, àṣálẹ́ ló ṣíwájú òwúrọ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa tó ń pe alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní òru Jímọ̀ kò ní í rí i bí nǹkan àjèjì. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni Ṣábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, ti ń wọlé. Alẹ́ Àbámẹ́ta ló ń jáde, nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá ti yọ. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí 25. Aago tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ “títan àbẹ́là” jẹ́ ìṣẹ́jú 18 ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀ (ìṣẹ́jú 40 ni àṣà Jerúsálẹ́mù). Ilé ni wọ́n ti sábà ń tan àbẹ́là yẹn, kì í ṣe aago ìsìn.

Èkó kì í jẹ́ kí èyí tètè yé èèyàn, torí láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ti ń wọ̀ níbẹ̀ lọ́dún yípo. Ní London, wọ́n á ti tan àbẹ́là Ṣábáàtì kí aago mẹ́rin tó lù nínú oṣù Dìsẹ́ńbà. Tó bá di Júùnù, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé ètò oṣù tó kọjá kò fi wúlò mọ́, tí ọ̀pọ̀ ìjọ sì máa ń gba Ṣábáàtì wọlé kí oòrùn tó wọ̀ nígbà ooru, ní aago mẹ́fà tàbí méje, nítorí àwọn ọmọdé. Ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Júù tó ń pa òfin mọ́ tó sì ń kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán Ẹtì nígbà òtútù kò sá fún iṣẹ́. Oòrùn ló ń lé e.

Oṣù wọn ń tẹ̀ lé òṣùpá, ọjọ́ 29 tàbí 30. Oṣù 12 bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Ohun kan náà ló ń mú kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì máa sún títí yóò fi yí gbogbo àsìkò ká. Àwọn Júù kò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nítorí Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún Mósè, pàṣẹ pé ìgbà ìrúwé ni kí wọ́n ṣe Àjọ Ìrékọjá, torí náà wọ́n ń fi odindi oṣù kan kún ọdún, ìgbà méje láàárín ọdún 19. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: Ìrékọjá ọdún 2026 bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Éépírì, ti ọdún 2027 bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kan náà, torí ọdún 5787 wọn ní oṣù 13. Ẹni tó bá fi ọjọ́ àjọ tọdún kan wá ti ọdún tó tẹ̀ lé e yóò dé sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti tì pa.

Ẹ tún lè rí sínágọ́gù méjì ládùúgbò kan náà tí ìwé ètò wọn kò bára mu. Ní ẹ̀yìn odi Ísírẹ́lì, àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì (ẹ̀ka tó di òfin mú jù) àti Kọnsáfétífù (ẹ̀ka àárín) ń fi ọjọ́ méjì ṣe ọ̀pọ̀ àjọ níbi tí Tórà ti ní kí wọ́n ṣe ọjọ́ kan. Púpọ̀ nínú ìjọ Rìfọ́ọ̀mù (ẹ̀ka tó fi òfin rọrùn jù) ń ṣe ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó ṣi ọjọ́ kà nínú wọn.

Ètò ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Alẹ́ Ẹtì, ìsìn kúkúrú tó kún fún orin, tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń fi ìpápánu tẹ̀ lé. Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ìsìn gígùn, wákàtí méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n ti ń ka ìpín Tórà tọ̀sẹ̀. Wọ́n pín Tórà sí ìpín 54, kí wọ́n lè kà á tán láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn ìsìn ni kídúṣì, ìyẹn oúnjẹ. Tí ẹ bá rí i pé ìdílé kan “gbé kídúṣì”, ó túmọ̀ sí pé àwọn ló san owó rẹ̀, bóyá nítorí ìgbéyàwó, ọmọ tuntun tàbí ìrántí òkú. Gbogbo ẹni tó wà nísìn ló ń jẹ ẹ́, ẹ má ṣe sá lọ. Alẹ́ Àbámẹ́ta ni Háfídálà, tí wọ́n fi ń sin Ṣábáàtì sọ́nà pẹ̀lú wáìnì, òórùn dídùn àti àbẹ́là tí wọ́n dì bí irun.

“Mínyàn” nínú ìwé ètò ni àgbàlagbà mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí àwọn àdúrà kan tó ṣeé gbà, pàápàá Kádíṣì tí ọlọ́fọ̀ ń kà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 13 ti di àgbàlagbà. Ọkùnrin nìkan ni Ọ́tódọ́ọ̀sì ń kà. Rìfọ́ọ̀mù àti ọ̀pọ̀ Kọnsáfétífù ń ka obìnrin pẹ̀lú. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé “ẹ jọ̀wọ́, a nílò mínyàn láàárọ̀ Ọjọ́rú”, àwọn Júù ni wọ́n ń bẹ̀. Àlejò lè jókòó, àmọ́ kò lè di ẹni kẹwàá, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ń ṣe àṣìṣe jù, ìwà rere ló sì ń fà á. A kì í fi ọwọ́ òfo lọ kí èèyàn. Ṣùgbọ́n níbí, ẹ má ṣe se oúnjẹ nílé gbé lọ sí sínágọ́gù àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e wá. Òfin kóṣà, ìyẹn òfin ohun jíjẹ wọn, kò mọ sórí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan. Ìgbín, edé, akàn, gbogbo wọn ni èèwọ̀. Ẹja gbọ́dọ̀ ní lẹbẹ àti ìpẹ́, nítorí náà ẹja àrọ̀ kò lè wọlé. Ẹran màlúù tàbí adìẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ pa bí òfin ṣe là á sílẹ̀, torí náà ṣàkì àti pọ̀nmọ́ ọjà lásán kò bófin mu. Wọn kì í sì í pa ẹran àti wàrà pọ̀, yálà nínú ìkòkò tàbí lórí tábìlì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìkòkò tó ti se èèwọ̀ rí ti gba èèwọ̀ náà sára. Bí ìrẹsì yín tilẹ̀ jẹ́ ìrẹsì àti ata nìkan, ìkòkò tí ẹ fi sè é ni wọ́n máa béèrè.

Tí ìwé ètò bá ní kí oníkálùkù gbé oúnjẹ wá, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìjọ tí kì í ṣe Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ “oúnjẹ oníwàrà” sí i. Ó túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹran níbẹ̀ rárá. Ẹran ni wọ́n ka adìẹ sí, ẹja kò sí lára rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bu edé gbígbẹ sí ti bàjẹ́ lójú òfin. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi èròjà amọ́bẹ̀dùn aládìẹ sè náà ti bàjẹ́. Ohun tí kì í kùnà ni èso odindi tí ẹ kò tíì gé, tàbí ohun inú páálí tí ẹ kò tíì ṣí tó ní àmì kóṣà lára. Àmì tó gbajúmọ̀ jù ni lẹ́tà U nínú òbìrí. Bí lẹ́tà D bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàrà wà níbẹ̀, kò lè wà lórí tábìlì ẹran. Wáìnì náà gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Ní ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ gbé ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn Ẹtì tó wọ̀.

Kí ẹ tó lọ bá wọn fọ abọ́, ẹ béèrè. Ilé ìdáná sínágọ́gù sábà máa ń ní ọ̀nà méjì, ti ẹran àti ti wàrà, wọ́n sì ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, pupa fún ẹran, búlúù fún wàrà níbi púpọ̀. Ṣíbí oníwàrà kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹran gbígbóná, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró títí rábì, olùkọ́ òfin ìjọ náà, yóò fi sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, oúnjẹ igba èèyàn sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà máa ń rúni lójú. Kò sí igbá ọrẹ lọ́jọ́ Ṣábáàtì, torí wọn kì í fọwọ́ kan owó lọ́jọ́ náà. Owó ọdún tí ọmọ ìjọ ń san ni wọ́n fi ń gbé ilé náà ró. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Amẹ́ríkà àti Britain fi ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì fún Ọdún Tuntun àti Ọjọ́ Ètùtù. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹni tí kì í yọjú lọ́dún máa ń wá, àga kì í sì í tó. Àlejò tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ pe ọ́fíìsì wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Alẹ́ Ọjọ́ Ètùtù ni wọ́n sì sábà ń bẹ ìjọ fún owó tó pọ̀ jù lọ. Nítorí pé èèwọ̀ ni kíkọ̀wé lọ́jọ́ náà, wọ́n á pín káàdì tí wọ́n ti tẹ iye owó oríṣiríṣi sí létí, ẹni tó fẹ́ ṣèlérí á kàn ká etí tó bá iye tirẹ̀ mu. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n á kọ̀wé sí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn tí wọ́n bá pè yín síbi Bar Mitzvah, ayẹyẹ ọmọkùnrin tó pé ọdún 13, tàbí Bat Mitzvah ti ọmọbìnrin, tó jẹ́ ọdún 12 lọ́dọ̀ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tó sì sábà jẹ́ 13 níbòmíràn. Ti àwọn ọmọbìnrin kò tíì pẹ́ tó bí àwọn kan ṣe rò. Judith Kaplan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní gbangba sínágọ́gù ní Amẹ́ríkà, ní New York, ní ọjọ́ 18 oṣù Máàṣì 1922. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ló sábà ń jẹ́, nítorí náà ẹ má ná ọmọ lówó, ẹ má fi owó lé e níwájú orí, ẹ má sì yọ fóònù jáde láti ya fọ́tò. Tí ẹ bá fẹ́ fún un lówó, ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ọjọ́ náà, ní iye tí 18 lè pín: 18, 36, 54, 180. Àwọn lẹ́tà Hébérù tó pe “ìyè” ni àpapọ̀ wọn jẹ́ 18. Bí ọmọ náà bá kàwé tán tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ súìtì rírọ̀ lù ú, ìdùnnú ni.

Ní ti aṣọ, fìlà ọkùnrin Yorùbá ti tó, kò nílò kípà, fìlà pẹlẹbẹ wọn, tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Gèlè dára fún obìnrin, àmọ́ kó wálẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn. Aṣọ àdúrà oníṣẹ́tí tó wà lórí ìkọ́ kì í ṣe ti àlejò. Ẹ dìde tí wọ́n bá ṣí àpótí Tórà, ẹ má sì gbé ìwé àdúrà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nínú àwọn àjọ, Ìrékọjá ló nílò àlàyé jù, torí òun ni wọ́n ń pe àlejò sí jù. Àwọn ìjọ máa ń ṣe Sédà, oúnjẹ alẹ́ àjọ náà, fún gbogbo ìjọ, ní alẹ́ kejì níbi púpọ̀, kí ìdílé lè ṣe ti alẹ́ kìíní nílé. Ètò rẹ̀ jẹ́ ìpele 15, ìpele kọkànlá ni oúnjẹ gidi. Bí ìwé bá ní aago méje, aago mẹ́sàn-án lè lù kí àwo tó dé iwájú yín, nítorí náà ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kúrò nílé. Ife wáìnì mẹ́rin ni wọ́n ń mu, oje èso àjàrà sì wà fún ẹni tí kì í mu ọtí. Owó àti orúkọ gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú, torí wọn kò lè gba owó lálẹ́ àjọ.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ (méje fún àwọn Rìfọ́ọ̀mù púpọ̀), wọn kì í jẹ ohunkóhun tí ọkà márùn-ún wíwú wà nínú rẹ̀: àlìkámà, báálì, ráì, ọ́ọ̀tì àti sípẹ́ẹ̀tì (spelt, irú àlìkámà kan). Búrẹ́dì, sẹ̀mó àti bíà ti lọ nìyẹn. Mátsà, àkàrà àìwú wọn, gbọ́dọ̀ kúrò nínú iná láàárín ìṣẹ́jú 18 tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun. Àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù tún ń yẹra fún ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo, tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ àti àkàrà náà kò sí. Àwọn Sẹ̀fádì, tí baba ńlá wọn wá láti Sípéènì àti Pọtogí, ń jẹ ìrẹsì ní tiwọn. Ní 2015, àwọn rábì Kọnsáfétífù ní Amẹ́ríkà gbà á láyè fún ìjọ wọn pẹ̀lú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé kò yí àṣà padà. Kíà tó ń gbé nínú ilé Júù gbọ́dọ̀ béèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àjọ náà ibi tí òun lè kó oúnjẹ tòun sí.

Àjọ Àgọ́ máa ń ní ètò “ẹ wá bá wa kọ́ àgọ́”, ẹnikẹ́ni tó lè gbé igi ni wọ́n ń fẹ́. Àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ ilé wa jọ ọ́ gan-an. Ohun tó hù látilẹ̀ tí wọ́n sì ti gé ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀, ìmọ̀ ọ̀pẹ tàbí ọparun, kí òjìji pọ̀ ju oòrùn lọ. Tapólì kò bófin mu, àgọ́ abẹ́ igi kò bófin mu. Bí òjò bá ba oúnjẹ jẹ́, wọ́n á wọlé.

Hánúkà àti Púrímù rọrùn fún àlejò torí iṣẹ́, owó àti fọ́tò kì í ṣe èèwọ̀ níbẹ̀. Alẹ́ mẹ́jọ ni Hánúkà, àbẹ́là ń fi ẹyọ kan pọ̀ sí i lálaalẹ́, pẹ̀lú ẹyọ kan tí wọ́n fi ń tan ìyókù: 44 ni gbogbo rẹ̀, iye tó máa ń wà nínú páálí kan. Alẹ́ kìíní ọdún 2026 bọ́ sí Ẹtì, ọjọ́ 4 Dìsẹ́ńbà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tan ti Hánúkà kí wọ́n tó tan ti Ṣábáàtì. Ní London, ìyẹn kò ní í kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Púrímù ni wọ́n ń ka ìwé Ẹ́sítérì, ariwo sì ni wọ́n ń pa nígbàkigbà tí orúkọ Hámánì, ọ̀tá wọn inú ìwé náà, bá jáde.

Ẹ ó rí i pé wọ́n ń béèrè orúkọ yín ṣáájú fún gbogbo nǹkan, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń yẹ àpò wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má bínú sí i. Ní ọjọ́ 27 Òkítóbà 2018, agbébọn pa èèyàn 11 ní sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh. Ní ọjọ́ 15 Jánúárì 2022, ní Colleyville, Texas, ọkùnrin kan tí wọ́n gbà wọlé tí wọ́n sì po tíì fún di rábì àti èèyàn mẹ́ta mú pẹ̀lú ìbọn. Ní Ọjọ́ Ètùtù 2025, wọ́n kọlu sínágọ́gù kan ní Manchester. Ẹ fi orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀ yín ránṣẹ́, ẹ má gbé àpò ńlá dání, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó pè yín.

Ó ku “Ṣífà”, ìjókòó ọ̀fọ̀, ìkéde tó ṣe pàtàkì jù pé kí ẹ mọ̀, torí ó yàtọ̀ pátápátá sí òkú ṣíṣe tiwa. Wọ́n máa ń sin òkú kíákíá, nínú pósí tí kò ní ọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ni ìdílé á jókòó sílé fún ọjọ́ méje. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí àsè, ọlọ́fọ̀ kì í se oúnjẹ fún àlejò. Àwọn ará ló ń gbé oúnjẹ kóṣà wá fún un. Ẹ má ra òdòdó. Ilẹ̀kùn sábà máa ń ṣí sílẹ̀, ẹ má tẹ agogo, ẹ wọlé, ẹ jókòó, kí ẹ dúró títí ọlọ́fọ̀ yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ìjókòó yín náà ti tó. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì sí alẹ́ Àbámẹ́ta, wọn kì í gba àlejò ọ̀fọ̀, àmọ́ ọjọ́ náà wà nínú iye. Wọ́n ń ka ọjọ́ bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: bí wọ́n bá sin òkú lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni ọjọ́ kìíní, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń dìde. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sán Àìkú kò ní í bá wọn lórí ìjókòó mọ́.